Áńpù Bàbá Mi Níwájú Àwọn Adájọ́ Òkèèrè

Bàbá mi ń tún áńpù ṣe ní Ìkọ̀lé. Iná wa kì í sábà lágbára, ohùn áńpù mọ́sálásí a sì máa ha bí wọ́n bá ń pèrun. Bàbá wá fi tiransísítọ̀ kékeré kan ṣọ́ àwọn ńlá inú rẹ̀, ohùn ò sì ha mọ́. Èmi tí mo ń kọ́ni ní yunifásítì Ọyẹ́ ni mo ní ká lọ gbàwé ẹ̀tọ́ sí i lókèèrè, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i ṣe.

Àwọn tó ń fúnni níwèé náà kọ̀. Wọ́n ní áńpù méjì kan ti wà tipẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdajì ọgbọ́n Bàbá nínú, pé ẹnikẹ́ni tó mọṣẹ́ náà ì bá so wọ́n pọ̀ láìronú. Ẹnikẹ́ni kẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá kọ̀ǹpútà jà. Ṣùgbọ́n Bàbá gbé irin tó fi ń yọ́ òjé sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni? Ṣé uṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe ni mo ń ṣe látọjọ́ yìí?" Ó dùn mí wọra.

A pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn adájọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, èmi ń ṣògbufọ̀ fún Bàbá. Lọ́yà wa ní bó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí gbogbo oníṣẹ́ áńpù ibí ń ra tiransísítọ̀ tó tóbi sí i, tó sì ń jó? Bàbá da àpò èyí tó ti jó sórí tábìlì, ó kún bámúbámú. Obìnrin tó ṣolórí wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní ó yé òun, ẹnikẹ́ni kọ́ ló lè rò ó. Inú mi dùn kọjá sísọ.

Ó wá béèrè bóyá àwọn èèyàn ti rí i kí a tó kọ̀wé sí wọn.

"Háà! Gbogbo Ìkọ̀lé ló mọ̀ ọ́n!" Bàbá ń yangàn. "Ọjọ́ tí ọmọ uṣẹ́ mi bá ń gba firidọ́ọ̀mù, ojú gbogbo ẹgbẹ́ wa ni mo ti ń tú u palẹ̀ hàn án. Ọ̀gá tó bá fi uṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ rẹ̀, ṣé ọ̀gá nìyẹn?"

Lọ́yà fọwọ́ bojú. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, n ò lè purọ́. Òfin wọn ni pé ohun táyé bá ti rí kì í ṣe tuntun mọ́, wọn kì í sì í fúnni níwèé lórí rẹ̀. Ó parí síbẹ̀.

Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo jágbe: "Bàbá! Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ! Ta ló bi yín ní ti firidọ́ọ̀mù?"

Kò bínú. Ó ní, "Obìnrin yẹn, ṣé ó sọ ọ́ lóòótọ́, pé ẹnikẹ́ni kọ́ ló lè rò ó?"

"Ó sọ ọ́, Bàbá."

"Alihamudulilahi."

Ó jáde lọ ṣàlùwàlá. Èmi jókòó, mo ń sunkún ìwé tí òun ò fìgbà kan fẹ́.