Ìwo Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Hù

Nígbà tí mo kéré, tí mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ̀lú, ìyá tó bí bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Festac. Ojú wọn ti ń ṣú, àmọ́ ọwọ́ wọn ń ríran ju ojú ẹlòmíì lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè máa jókòó lásán síwájú tẹlifíṣọ̀n, ni bàbá mi bá bá wọn ra abo ewúrẹ́ kan ní Ìjegun. Ẹ̀yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì omi, la so ó mọ́. Gbogbo ará kílóòsì wa, ìyẹn òpópónà kékeré tí ilé wa wà, ló ń kó èèpo iṣu wá fún un.

Ewúrẹ́ náà bí akọ kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó jẹ́ inú ọbẹ̀ nìkan lẹ ti mọ ewúrẹ́, ẹ gbọ́ o: wọn kì í bí i tòun ti ìwo. Màmá gbá ìka mi mú, wọ́n fi í tú irun orí ẹ̀ wò. "Ṣé o rí ibi méjì tí irun ti yí po yìí? Abẹ́ ibẹ̀ ni ìwo sùn sí." Kò pẹ́ tí kókó méjì fi yọ níbẹ̀, ó le bí hóró àgbàdo. Àràárọ̀ la máa ń fọwọ́ kàn án kí n tó lọ sílé ìwé.

Àṣé Màmá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àkọ́bí ewúrẹ́ àwọn, ti ìdúpẹ́ ìkórè ni. Wọ́n ní, "Tí ìwo ẹ̀ bá ti gùn tó ìka ẹ, a ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì." Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń lu ẹran ìkórè ní gbàǹjo, inú ìkòkò ló sì ń parí sí. Mo bi wọ́n pé tí kò bá wá níwo ńkọ́? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń mú òbúkọ tí ò níwo lọ fún Olúwa? Ìyẹn á jókòó tì mí nílé ni."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣàwàdà, òmùgọ̀ èmi gbà á gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Màmá ń sùn, mo gbé ṣíbí lé iná sítóòfù títí ó fi pọ́n. Mo di ọmọ ewúrẹ́ náà mú sáàárín orúnkún mi, mo tẹ ṣíbí náà mọ́ kókó méjèèjì kí ìwo má bàa lè hù níbẹ̀. Yéè! Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Mo gbá a mọ́ra, mò ń sunkún, mò ń sọ fún un pé, "Má bínú, o ò ní lọ mọ́, o ò ní lọ mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, kò mu ọyàn. Lọ́jọ́ kẹta, orí ẹ̀ wú. Lọ́jọ́ kẹrin, kí n tó ti ilé ìwé dé, ó ti kú.

Màmá fọwọ́ wá orí ẹ̀. Ìka wọn dúró sójú egbò méjèèjì. Wọ́n ní, "Èmi náà ni mo fi ibẹ̀ hàn ẹ́." Wọ́n sọ fún bàbá mi pé àìsàn ló pa á, wọ́n sì gbé iṣu lọ síbi ìkórè. Áà, ì bá sàn kí wọ́n nà mí! Láti ọjọ́ náà, wọn ò di ìka mi mú láti fi nǹkan kan hàn mí mọ́. Wọ́n sì kú kí n tó ní ìgboyà láti bẹ̀ wọ́n.

Festac ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ṣọ́ọ̀bù ti kún ẹ̀yìn ilé yẹn, ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ so ewúrẹ́ mọ́bẹ̀ lónìí? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bí ìwo ṣe ń hù, inú fóònù lẹ ó ti wò ó, fóònù ò sì ní gbá yín níka mú. Àmọ́ títí dòní, tí mo bá ń dirun fún ọmọbìnrin mi, ìka mi á ṣàdédé dúró síbi méjì lórí ẹ̀. Á ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Èmi á ní kò sí nǹkan, kó jókòó dáadáa.