Òfin Eruku Níbí, Òfin Àgbàrá Lọ́hùn-ún

Ọdún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́ ni mo tó mọ̀ pé òfin àdúgbò kan kì í jọ ti èkejì. Èmi ń kọ́ tèmi ní Igbó-Elérin, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́ tiwọn ní Ajángbádì.

Ìgbà ọyẹ́ ni típà já iyẹ̀pẹ̀ pupa tí a fẹ́ fi dí ìpìlẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Alágbàfọ̀ kan ń gbé ní òdìkejì, ó sì ti sá aṣọ funfun àwọn ará ìjọ kan sórí okùn. Kí eruku tó rọlẹ̀, aṣọ ti pọ́n. Ọkùnrin náà ò bá mi jà. Ó ká ọ̀kan, ó gbé e wá síwájú mi.

“Màdáámú, ṣé eléyìí ni wọ́n máa wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run lọ́la?”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ká ọwọ́ aṣọ mi, a sì jọ tún gbogbo rẹ̀ fọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, alága ẹgbẹ́ onílé wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, wá ka òfin sí mi létí: kí n fi tapólì bo iyẹ̀pẹ̀, kí n sì máa wọ́n omi sílẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbálẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ròyìn fún wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

“Omi wíwọ́n kẹ̀? Ṣé ọgbà ẹ̀fọ́ lo ń dá ni? Lọ́dọ̀ tiwa, gọ́tà ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ bá wọ gọ́tà, òun fúnra rẹ̀ ló máa kó o jáde lójú gbogbo ayé. Mo ti to àpò iyẹ̀pẹ̀ yí ilẹ̀ mi ká.”

“Nínú ọyẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n mi? Òjò wo lẹ ń dè?”

Nígbà tí mo lọ kí wọn, bí ẹni tó ń ku ẹ̀lùbọ́ ni wọ́n rí. Ìpéǹpéjú wọn funfun, àwọn bíríkìlà wọn ń sín láìdákẹ́. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.

Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dé lọ́sàn-án Sátidé kan. Tapólì mi ò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n àgbàrá gba abẹ́ rẹ̀, ó ń wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ sí gọ́tà. Mo sáré jáde láìwọ bàtà. Alágbàfọ̀ mú ṣọ́bìrì jáde láìjẹ́ pé mo pè é. Ibẹ̀ la wà tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fi dúró, tí ẹ̀gbọ́n mi sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn òfìfo àpò ìrẹsì lábíyá.

“Òjò wo ni mò ń dè? Òun rèé!”

A ń rọ iyẹ̀pẹ̀ sápò, à ń tò ó sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, òjò ń pa wá, a sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Nígbà tó yá, omi tó ń kọjá sí gọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́. Alágbàfọ̀ pàtẹ́wọ́.

Alága dé lábẹ́ agbòòrùn, ó wo àwọn àpò náà. Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ṣàlàyé èyí fún wa ní ìpàdé.”

Wọ́n wá lóòótọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ débi pé onílé kan bi wọ́n léèrè bóyá wọn ò fẹ́ ra ilẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ onílé fi àpò iyẹ̀pẹ̀ kún òfin àdúgbò wa.

Kí ọyẹ́ tó tún dé, ẹgbẹ́ onílé Ajángbádì ránṣẹ́ pe èmi náà. Mo dìde láti sọ̀rọ̀ eruku. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú pátápátá, wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, sókè ketekete, pé, “Àbúrò mi nìyẹn o.”