Ìgbà Tí Bàbá Mi Kọ Ìyá Mi Sílẹ̀

Òórùn káfúrà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú àpótí aṣọ ìyá mi ni káfúrà máa ń wà, Iléyá nìkan ni wọ́n sì máa ń tú àpótí náà délẹ̀. Mo fò dìde, mo rò pé ọdún ti dé. Àṣé ẹrù ni wọ́n ń dì.

Ní àná ọjọ́ náà, bàbá mi, Rájí òṣìṣẹ́ rélùwéè, ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ omi àdúgbò wa l'Óṣogbo. Ẹ̀ṣẹ̀ ìyá mi kò ju pé wọ́n lọ bá ìyá tiwọn kó kòkó ní Ìwàrà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Bàbá mi tó máa ń sọ fún wa pé bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, gbàgbé òwe ara wọn. Wọ́n pariwo, "Àmínà, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀!" lójú Ìyá Sílífá tí a jọ ń gbélé, lójú Músẹ́ẹ̀ní télọ̀, lójú gbogbo ẹni tó to garawa.

Nígbà yẹn, bí ọkọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, obìnrin á di ẹrù, ó di ilé bàbá rẹ̀. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, àwa tí à ń kírun náà. "Mò ń lọ sí ulé wa," ni ìyá mi wí. Mo di ìró wọn mú, mo bi wọ́n bóyá èmi náà ń lọ. Wọ́n rọra tú ọwọ́ mi kúrò. Ọ̀dọ̀ bàbá lọmọ ń kù sí.

Ìyá Sílífá ló sáré pe Ààfáà Búsàrí. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé ìyá mi pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Níbo lò ń lọ? Sọ ẹrù kalẹ̀."

Bàbá mi jáde. "Ààfáà, mo ti kọ̀ ọ́ o. Ẹ̀tọ́ mi ni mo lò."

"Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ ọ́, ìgbéyàwó kò tíì tú. Títí oṣù mẹ́ta ìdúró obìnrin tí ọkọ kọ̀ á fi pé, ilé rẹ nilé rẹ̀, ìwọ lo sì máa bọ́ ọ. Ta ní kọ́ ọ pé kí o lo ẹ̀tọ́ kí o sì sọ ìwà nù?"

Bí ìyá mi ṣe dúró nìyẹn. Bàbá mi ń sùn ní pálọ̀, àwa wà ní yàrá. Èmi ni wọ́n ń rán. "Kúdí, sọ fún ìyá ẹ pé ẹran wà nínú abọ́." "Sọ fún bàbá ẹ pé mo ti rí i." Wọn ò sì jìnnà síra wọn! Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ikọ́ mú bàbá mi, ìyá mi se àgbo, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, wọ́n padà sí yàrá.

Ó kù díẹ̀ kí ìdúró náà pé, bàbá mi ní àwọn ti gba ìyàwó àwọn padà. Ààfáà wá sílé.

"Rájí, lábẹ́ òfin, ọ̀rọ̀ rẹ ti tó. Kò pọn dandan kí n bi í léèrè. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò fẹ́ kí á gba ìyàwó padà láti fi ni í lára. Mo máa bi í. Àmínà, kí lo wí?"

"Ẹnu ẹ̀rọ ni wọ́n ti kọ̀ mí," ni ìyá mi wí. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kí wọ́n lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Ìyá Sílífá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ òṣómàáló! Ìyá Kúdí ò ní dìde àfi tó bá gba tiẹ̀!"

Bàbá mi ṣí fìlà, wọ́n tún dé e. Wọ́n wo Ààfáà bóyá á gbà wọ́n sílẹ̀. Ààfáà ń wo ilẹ̀. Wọ́n bá jáde lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, a tẹ̀ lé wọn.

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Àmínà, má bínú."

Músẹ́ẹ̀ní ké látẹ̀yìn garawa rẹ̀ pé, "Bàbá Kúdí, a ò gbọ́ o! Ohùn yín ò kéré tó báyìí lọ́jọ́ yẹn!"

Bàbá mi tún un sọ, ohùn wọn sì dé òdìkejì títì.

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí.

Gbogbo wọn ti lọ. Ọkọ mi náà, Múfútáù, ti lọ. Inú opó rẹ̀ ni mo wà n'Íléṣà níbí. Kò kọ̀ mí rí. Ó bọ́ mi, ó tọ́jú mi. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ wọ́ mi nílẹ̀ lójú èrò rí, mo sì dákẹ́, mo ní ọkọ ni. Kúdí kékeré tó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ rò pé bí obìnrin bá ti bèèrè ni wọ́n á ti fún un, àfi bíi pé bíbéèrè ò le. Èmi tí mo darúgbó yìí kò bèèrè rí. Mo ń sunkún Múfútáù láàárọ̀, mo ń sunkún rẹ̀ lálẹ́, mo sì ṣì ń retí kó ní kí n má bínú.