Nígbà Tí Èjìká Mi Gan

Orí oníbàárà kan ni mo ń dì lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Alápẹ̀rẹ̀ nígbà tí apá ọ̀tún mi kọ̀ láti gòkè. Mo ní kó lọ, kò lọ. Nígbà tí mo fipá gbé e, ìrora là mí láti èjìká dé ìgúnpá, mo sì jókòó.

Oṣù méjì ni mo fi ń fi òróró pa á. Mi ò lè sùn lé e. Mi ò lè fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Ṣadé, ọmọ mi, ló ń bá mi de kọ́mú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti Ìsẹ́yìn, ó ní, "Wọ́n ta ọ́ lọ́fà ni. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa, kí o máa bọ̀ nílé."

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Bí wọ́n bá ti gba apá lọ́wọ́ mi, ṣé kí n tún fi ṣọ́ọ̀bù lé e fún wọn ni?"

Hosipítù ni mo gbà lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n. Dókítà ṣàlàyé pé awọ tó wé oríkèé èjìká mi ló wú, tó súnkì, tó wá gan. Wọ́n yẹ àtọ̀gbẹ wò, torí ó máa ń bá a rìn. Kò sí lára mi. Ó ní ó lè gbà ju ọdún kan lọ.

Aunty Bùkọ́lá tó ń ṣe físíò, tó ń bá mi na apá ní hosipítù náà, kéré sí mi lọ́jọ́ orí, òun ló sì kọ́ mi ní orúkọ ọ̀nà tí apá ń gbà. Gbígbé síwájú. Nínà sẹ́yìn. Gbígbé kúrò lára, sí ẹ̀gbẹ́. Mímú padà mọ́ra. Yíyí sínú, bí ìgbà téèyàn fẹ́ họ ẹ̀yìn. Yíyí síta: ìgúnpá á lẹ̀ mọ́ ìhà, ọwọ́ á ṣí bí ilẹ̀kùn. Ìyẹn ló le jù fún mi.

"Mummy, níbo ló dé lónìí?" Bí Aunty Bùkọ́lá ṣe máa ń bi mí nìyẹn.

"Síwájú ti dé imú. Síta ò kúrò lójú kan."

"Ẹ má fipá mú un. Ibi tó bá ti kọ̀, ẹ dúró níbẹ̀."

"Màá dúró. Ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ̀ nínú èmi àti èjìká yìí."

Mi ò ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ra àpótí kúkúrú fáwọn oníbàárà, kí orí wọn lè wà nísàlẹ̀ àyà mi. Láràárọ̀ ni mò ń fi ìka gun ògiri, tí mò ń fi bírò sàmì síbi tí mo dé. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí àmì ò sún rárá. Mo sunkún, mo tún gun ún. Ní oṣù kọkànlá tí èjìká mi ti gan, apá mi kọjá orí.

Yíyí síta ò tíì pé. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gan, ẹ tètè lọ sí hosipítù, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀rù sin yín padà sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Aunty Bùkọ́lá. Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ apá òsì mi, tí mi ò kà sí rí láyé mi, tó bọ́ mi, tó wẹ̀ mí ní gbogbo oṣù yẹn, tí kò sì ráhùn.