Àwọn Aríran Bọ́ọ̀lù Agbọ̀n

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀mọ̀wé ṣe lè ya òmùgọ̀ tó, ẹ ní kó sọ tẹ́lẹ̀ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe parí. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni èmi fúnra mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àárín wọn ni mo wà, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún tí ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n àwọn obìnrin kàn wá, gbogbo ọ́fíìsì di ilé aríran.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lójú rẹ̀, ìyẹn kóòṣì wa. Obìnrin ará Ayépé ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, bó bá ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù wí, wọ́n á gbọ́ ọ ní géètì. Ọ̀gá àgbà ti sọ fún un nípàdé, lójú gbogbo wa, pé bí wọ́n bá fìdí rẹmi nínú eré àkọ́kọ́, òun yóò sọ pápá wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó ní oòrùn ń pa ọkọ̀ àwọn olùkọ́. Ọkọ̀ tirẹ̀ ló ń sọ, tiwa ti gbó kọjá ohun tí oòrùn lè ṣe fún un. Kóòṣì yìí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro pápá náà nígbà tó di igbó. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè gbá bọ́ọ̀lù.

Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ Yorùbá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohunkóhun sórí gúrúùpù Wáàsáàpù àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo dá a lábàá, mo sì ń fi yangàn. Mi ò mọ̀ pé wọn ò ní fi àmì ohùn kankan sórí ohun tí wọ́n bá kọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú eré, àsọtẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò lórí gúrúùpù. Olùkọ́ ìṣirò ní òun ti fi ojú wọn gíga àwọn àlejò tó ń bọ̀ láti Ọ̀ṣun, pé bí ọmọ wa kan bá gun èjìká èkejì, wọn ò ní ga tó kápútẹ̀nì wọn. Inú fọ́tò ló ti wọ̀n ọ́n o! Ọkùnrin tí kò lè ro máàkì akẹ́kọ̀ọ́ kó pé. Pásítọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìsìn ní òun rí àwọn ọmọ wa lójú ìran nínú aṣọ funfun, pé àmì ọ̀fọ̀ ni. Aṣọ funfun ni wọ́n ti ń wọ̀ gbá bọ́ọ̀lù látilẹ̀wá, èwo ni ìran nínú ìyẹn? Àlàájà ilé ìkàwé ní, "Insaalahu, won a padanu," bí ẹni tó ń ṣàdúà fún aláìsàn. Akápò ní ẹni tó bá mu gààrí Ìjẹ̀bú yó kì í lè fò, kí ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ náà ń mu ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, inú sì bí mi pé mo rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń rojọ́ ni kóòṣì wọlé sí ọ́fíìsì mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni Yorùbá ń pe básíkẹ́ẹ̀tì?"

"Agbọ̀n."

"Ẹ ṣeun, sà."

Mo rò pé ó fẹ́ fi dá àwọn aríran lóhùn ni. Àṣé àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe ló fẹ́ kọ̀wé sí. Irin agbọ̀n méjèèjì tó wà ní pápá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan tipẹ́, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń so rọ̀ mọ́ wọn; ó fẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n, kí wọ́n fi tuntun rọ́pò wọn. Ohun tó kọ sórí gúrúùpù rèé: "E jowo, agbon to wa ni papa wa n da wa laamu. E ba wa yo o kuro ki awon alejo to de."

Láìsí àmì, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n kà á sí agbọ́n tó ń ta ènìyàn? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ eré gan-an, wọ́n gbé oògùn kòkòrò dé. Wọ́n fín gbogbo pápá, wọ́n fín igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n wá kọ̀wé pé: "A wa gbogbo ibe, a o ri agbon kankan. Sugbon a ti fin in."

Kóòṣì sáré wá bá mi. "Irin ni wọ́n fín lóògùn! Ẹ̀gbọ́n, Yorùbá yín ti pa mí."

"Yorùbá mi kọ́. Àmì tí o ò fi sí i ni."

"Ṣé àmì wà lórí fóònù mi ni?"

Ó bú mi, ó bú àwọn òṣìṣẹ́, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Olórí àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe ní iṣẹ́ ti parí lọ́dọ̀ àwọn, ó di ọjọ́ Ajé.

Àwọn àlejò dé, wọ́n ga lóòótọ́, wọ́n sì ń sín nítorí oògùn. Kóòṣì wọn nawọ́ sí irin tó tẹ̀. Rẹfirí ní ẹgbẹ́ méjèèjì ló máa jù sí i, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn àlejò ju bọ́ọ̀lù, ó gbá irin, ó fò jáde. Wọ́n tún jù, ó tún jáde. Àwọn ọmọ tiwa, tí wọn ò mọ agbọ̀n mìíràn láyé wọn, ń jù ú sí apá òsì níbi tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò ní jù ú sí, ó sì ń wọlé. A borí wọn. Kóòṣì wa nà gbalaja sórí pápá tó ń rùn fún oògùn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun dìde. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí ọwọ́ ń dùn.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, akápò ti ní gààrí ló fún wọn lágbára. Pásítọ̀ ní aṣọ ìṣẹ́gun ni funfun, a ò jẹ́ kí òun parí ọ̀rọ̀ ni. Olùkọ́ ìṣirò ní gíga lòun sọ, òun ò sọ pé wọn ò ní borí. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rí ife ẹ̀yẹ, wọ́n ní àwọn ará Èkìtì tí a fẹ́ lọ bá gbá lẹ́yìn èyí máa sunkún dé ilé ìyá wọn.

Kóòṣì wá kọ̀wé sí gúrúùpù. Ó ní òun dúpẹ́ pé pápá òun kò ní di ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́, ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, a máa pàdánù ní Èkìtì, nítorí irin tiwọn tọ́. Háà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ ní tútù! Àwọn kan náà tí wọ́n ti fi àwọn ọmọ náà ṣẹ̀rín wá ń sọ pé ẹnu burúkú ló ní. Ọ̀gá àgbà pè é lórí fóònù, ó bi í bóyá tiwa ló ń ṣe àbí ti ọ̀tá.

A lọ sí Èkìtì. Àwọn ọmọ wa ń ju bọ́ọ̀lù sí apá òsì agbọ̀n tó tọ́, kò wọlé, wọ́n sì fìdí rẹmi. Nínú gbogbo wa, kóòṣì nìkan ni àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ ṣẹ. Títí di òní, wọ́n ń sọ ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa pé ẹnu rẹ̀ ló fà á.