A Tẹ̀lé Kẹ̀kẹ́ Dé Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ká ní ẹnì kan sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi, olùkọ́ ìṣirò, yóò yọ orí síta lójú fèrèsé mọ́tò, tí màá máa pariwo títí ohùn mi yóò fi há, ǹ bá ní kí onítọ̀hún lọ rí dókítà. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, láti Ilé-Ifẹ̀ títí dé orí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ìdíje kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin la tẹ̀lé. Ọkọ mi ló ń wa mọ́tò, Màmá mi jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí ẹsẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú omi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ariwo.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn tó ń sá a. Òun ni àbígbẹ̀yìn Màmá. Ọ̀dọ̀ mi ní Ilé-Ifẹ̀ ló ń gbé láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì, ibẹ̀ náà ló sì ti kó àrùn kẹ̀kẹ́. Kí n tó kírun ìdájí tán, ó ti jáde. Kí n tó dáná tán, ó ti gun kẹ̀kẹ́ dé Ẹdúnàbọ̀n, ó ti padà, ó sì ti ń ṣí ìkòkò mi wò. Ebi tó máa ń pa ọmọ yẹn kì í ṣe kékeré.

Màmá, tí wọ́n ń gbé ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n ní obìnrin wo ni yóò máa la ẹsẹ̀ gun irin láàárín títì lójú gbogbo ayé? A ní ó ń wọ ṣòkòtò gígùn, ó sì ń wé ìborùn sábẹ́ akoto. Wọ́n ní àwọn ò bá wa sọ ti ìborùn. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ṣàdéhùn. Ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje yìí yóò bá àwọn agunkẹ̀kẹ́ orílẹ̀-èdè wa lọ ṣe ìgbaradì fún ọdún kan gbáko. Bí àbúrò mi bá gbà á, Màmá yóò jẹ́ kó lọ. Bí kò bá gbà á, yóò gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ògiri, yóò sì lọ ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti bá a wá sílẹ̀ ní Ìwó, ìlú bàbá wa. Màmá ò fi bò fún ẹnikẹ́ni pé iṣẹ́ Ìwó ni àwọn ń gbàdúrà fún.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń sá a, ìpele kan lójúmọ́. Wọ́n á ka àsìkò tí oníkálukú lò lójoojúmọ́, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè. Nítorí náà, àsìkò tí èèyàn bá fi ṣòfò lọ́jọ́ kìíní á máa tẹ̀lé e kiri títí dé ọjọ́ tó kẹ́yìn. Èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rántí ṣàlàyé fún Màmá.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i. Wọ́n kọ́kọ́ yí ìlú ká, wọ́n gba Ìlódè, wọ́n gba Mọ́dákẹ́kẹ́, kí wọ́n tó dojú kọ ọ̀nà Iléṣà. Ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Màmá àti àwọn ìyá àṣàlátù wọn ti tò sí etí títì nínú híjáàbù funfun, wọ́n ń retí. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo rí àbúrò mi láàárín àwọn tó ṣíwájú, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹ̀rọ ìránṣọ, inú mi sì dùn débi pé mo di ọwọ́ obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí mú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló gbójú sókè, ló rí Màmá.

Nílé tiwa, a kì í kọjá lára àgbà bí ẹni kọjá lára òpó iná. Màmá lè dárí jì ọ́ bí o bá fọ́ gbogbo àwo ilé, àmọ́ bí o bá kí wọn lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ náà á ti dé etí àwọn ẹbí ní Ìwó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà tẹ búréèkì. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, ó kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé o jẹun?"

"Mo jẹun, mà."

Kò tán síbẹ̀ o. Ó tún yíjú sí àwọn ìyá àṣàlátù, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà ń gbàdúrà fún un, àwọn tó kù ń ṣe àmín. Ìyá kan tilẹ̀ béèrè ìgbà tí yóò mú ọkọ wálé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn tí wọ́n jọ ń bọ̀ ti wọ kọ́nà, a ò rí ìdí wọn mọ́. Mo ké pe ọmọ náà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jóná. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ là, ló fò gun kẹ̀kẹ́, ló fi eré bẹ́ ẹ.

Ó fi gbogbo ọ̀nà Iléṣà lé wọn, kò bá wọn. Ọmọge gíga kan láti Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n bí sórí òkè, tí òkè ò sì jọ ọ́ lójú, ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Mo bínú, èmi kì í sì í bínú díẹ̀. Ní ilé ìbátan ọkọ mi tí a dé sí ní Iléṣà, mo da ìbéèrè bo àbúrò mi.

"Kí ló dé tí o sọ̀kalẹ̀?"

"Àǹtí mi, mi ò mọ ìgbà tí mo sọ̀kalẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ni."

Màmá ń gbọ́ wa láti orí àga. Wọ́n béèrè pé kí ni mo ń jágbe mọ́ ọmọ àwọn sí. Mo wá jókòó, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àsìkò fún wọn pẹ̀lú sùúrù tí mi ò ní fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n dá oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ dúró.

"Àsìkò tó fi kí mi yẹn, wọ́n kà á mọ́ ọn lára?"

"Wọ́n kà á, mà."

"Wọn ò ní yọ ti àgbà kúrò níbẹ̀?"

Ọkọ mi sáré jáde lọ rẹ́rìn-ín níta. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti àwo oúnjẹ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní àwọn ti yó, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ṣì wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì dùn kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Àárín àwọn òkè Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti sá a, wọ́n sì tún padà sí Iléṣà. Mo bẹ Màmá kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ rárá, wọ́n sì jókòó pa sínú mọ́tò. Ní gbogbo abúlé tí a kọjá, àwọn èèyàn ti jáde sétí ọ̀nà. Ẹ sì mọ̀ wá, a kì í rí ẹni tó ń làágùn ká má kí i. Gbogbo wọn ń pariwo "Ẹ kú iṣẹ́ o!" lu àwọn ọmọge náà. Bí òkè náà ṣe ga tó, tí èémí wọn ń já, àwọn ọmọ Yorùbá inú wọn ò lè ṣàì dáhùn. "Ẹ ṣé o, mà! Ẹ ṣé o, sà!" ni wọ́n ń mí jáde lẹ́nu títí dé orí òkè. Ọmọ Jọ́ọ̀sì nìkan ló pa ẹnu mọ́, tó fi èémí rẹ̀ gun òkè. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì kórìíra rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ náà ni mo ṣàkíyèsí pé àrùn náà ti mú Màmá. Ọwọ́ wọn ti kúrò lórí tẹ̀sùbáà, ó ti wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ọmọ mi, ṣé mọ́tò yìí ò lè sáré ju báyìí lọ ni?" Nígbà tí àbúrò mi já àwọn mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè kan, Màmá ké "Alláhù Akbar" tí kúlà fi ṣubú, tí ọbẹ̀ fi dà sí bàtà ọkọ mi. Ẹnikẹ́ni ò dúró nù ún. Nígbà tí wọ́n ro àsìkò pọ̀ nírọ̀lẹ́, ohun tí ọmọ Jọ́ọ̀sì fi ṣíwájú àbúrò mi ò ju àsìkò tí èèyàn fi ń wọ bàtà lọ.

Ọjọ́ kẹta ló kù. Láti Iléṣà, wọn yóò gba Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, òkè yẹn ni yóò sì parí ẹjọ́. A fẹ́ dúró síbi tí òkè náà ti le jù, kí a lè rí wọn bí wọ́n ṣe ń rọra bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rù ti bà mí. Bí àbúrò mi bá tún rí Màmá lójú ọ̀nà, tó tún kúnlẹ̀, Ìwó ti yá nìyẹn. Mo dá a lábàá pé kí Màmá dúró dè wá ní Iléṣà, kí wọ́n fi ara sinmi.

"Ta ló sọ fún ọ pé ara ń ro mí?" ni wọ́n wí, wọ́n sì ti wọ mọ́tò.

A dé ibẹ̀ kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Àpáta wà lápá kan, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jíjìn wà lápá kejì. Bàbá àgbẹ̀ kan tó ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró tì wá. Ó ní òun gbọ́ pé àwọn obìnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ gun òkè yìí bọ̀, ṣé mọ́tò wọn ló bàjẹ́ ni? Mo ní rárá, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun náà á dúró wò ó.

A gbọ́ fèrè ọlọ́pàá nísàlẹ̀. Kíá, Màmá ṣílẹ̀kùn, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́." Wọ́n rìn lọ síbi àpáta, wọ́n fa híjáàbù síwájú, wọ́n kẹ̀yìn sí ọ̀nà, wọ́n sì dojú kọ òkúta.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Bó bá rí ojú mi, á sọ̀kalẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Dúró síbẹ̀, kí o máa sọ fún mi ohun tí ojú rẹ ń rí."

Ìyá tó ti Mọ́dákẹ́kẹ́ wá wo ọmọ, òkúta ni wọ́n ń wò. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún tàbí kí n rẹ́rìn-ín, mo sì ṣe méjèèjì pọ̀. Mo wá di oníròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò.

"Àwọn méjì ló ṣíwájú, mà! Ọmọ Jọ́ọ̀sì ni! Àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀!"

"Ó jìnnà sí i?"

"Kò jìnnà! Táyà fẹ́ẹ̀ kan táyà! Ó ti dìde lórí ìjókòó! Ó ń kọjá a lọ! Ó ti já a sílẹ̀!"

"Ta ló já ta?"

"Ọmọ yín, mà! Ọmọ yín ló já a!"

Èjìká Màmá ń gbọ̀n lábẹ́ híjáàbù, àmọ́ wọn ò yíjú. Àbúrò mi kọjá níwájú wa, ó sún mọ́ wa débi pé mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Kò wo èmi tí mò ń ké. Bàbá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e, ó ń pariwo "Ẹ kú iṣẹ́!" Kò dáhùn. Ìgbà tó fẹ́ wọ kọ́nà ni mo sọ fún Màmá pé ó ti lọ. Wọ́n yíjú, akoto rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí, ìyẹn náà ò sì pẹ́ tó fi wọlẹ̀.

Ọlọ́pàá ò jẹ́ kí mọ́tò wa gòkè. Ọlọ́kadà kan ní òun mọ ọ̀nà oko kan tó já síbi tí wọ́n ti ń parí. Màmá, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ obìnrin tó ń la ẹsẹ̀ gun irin, la ẹsẹ̀ gun ọ̀kadà náà kí n tó lanu, wọ́n sì gbá ọlọ́kadà léjìká pé kó máa lọ. Èmi àti ọkọ mi sáré tẹ̀lé wọn nínú eruku, à ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Nígbà tí mo dé orí òkè, wọ́n ti ń ka èsì àròpọ̀ ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Orúkọ àbúrò mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo fò sókè, mo sì jábọ́ lé ẹsẹ̀ ọkọ mi. Ọmọ náà ti ń wá wa láàárín èrò. Bó ṣe rí Màmá, ó ju akoto sílẹ̀, ó fi eékún méjèèjì lélẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ọ̀tẹ̀ yìí ò ba nǹkan jẹ́ mọ́.

"Ẹ kú ìrìn, mà."

Màmá fà á dìde. Wọ́n gbìyànjú láti ṣe bí ẹni tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Inú mọ́tò la wà. O ò rí wa lójú ọ̀nà, àbí?"

"Mo rí yín, mà. Ẹ wà níbi àpáta."

"O ò rí ojú mi."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí. Mo ti mọ ẹ̀yìn yín kí n tó mọ ojú yín. Nígbà tí mo rí i pé ẹ kọ̀ láti wò mí, mo mọ̀ pé ẹ ti ní kí n máa lọ."

Màmá tún kẹ̀yìn sí wa, wọ́n sì fi etí híjáàbù nu ojú wọn.