Ẹja Kò Fẹ́ Kẹrosíìnì

Ìka kan ni Nurat fi ṣí i. Ó ki èékánná bọ abẹ́ ọmọrí kúlà, ó gbé e sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ìbòjú ìyàwó tí kò dá a lójú. Ó yọjú wò ó. Yìnyín tó ti ń di omi. Ike omi kan. Ó fi ìka kan náà ti yìnyín sápá kan, bóyá ẹja kan sá pamọ́ sísàlẹ̀. Kò sí. Ó dá ọmọrí padà, ó rọra tẹ̀ ẹ́ títí ó fi há, ó sì nu ìka rẹ̀ mọ́ ìborùn.

"Ẹ kú ewu odò, Bàbá Ikram," ó ní. "Omi tòní tutù dáadáa."

Lásúnkànmí, ọkọ rẹ̀, tẹrí ba, ó ń fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá gbé omi yìnyín wálé kì í ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Iṣẹ́ rewáyà ló ń ṣe ní Ìbàfò, ó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá títì márosẹ̀. Láti Mọ́ńdè dé Sátidé, fèrè ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀. Dírẹ́bà tó ń búra pé iná tí wọ́n tún ṣe lánàá ló tún kú lónìí. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni tirẹ̀, etí odò Ògùn ló sì ti ń lò ó, òun àti ìwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè náà ni Àsàlátù ń pé ní mọ́sáláṣí àdúgbò, Nurat sì ni ìyá ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ọkọ àwọn ẹlòmíì ń wá. Tirẹ̀ ń bá ẹja ṣeré. Tọkọtaya náà ti jọ ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí: níwọ̀n ìgbà tí ẹja bá ń wọlé, kí Lásúnkànmí máa gbàdúrà tirẹ̀ létí odò. Lọ́jọ́ tí ẹja bá dáwọ́ dúró, kó dìde, kó wá bá àwọn Mùsùlùmí ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó.

Ẹja ti dáwọ́ dúró. Àtìgbà tí sítóòfù ti dé.

"Mo fún yín ní Sọ́ńdè kan sí i," Nurat ní. "Bí ọwọ́ bá tún ṣófo, ó parí. Ààfáà ti ń béèrè yín."

"Èmi ni Ààfáà ń béèrè, àbí ẹ̀rọ gbohùngbohùn yín ló tún bàjẹ́?"

"Méjèèjì."

Zubair ló fa ọ̀rọ̀ sítóòfù. Ọ̀rẹ́ Lásúnkànmí láti kékeré ni, ó ń ta búlọ́ọ̀kù ní Mowé. Zubair kì í pẹja. Ó máa ń bá ẹni tó ń pẹja jókòó ni, ó sì ń jẹun. Láàárọ̀, tíì àti búrẹ́dì. Lọ́sàn-án, índómì. Láàárín méjèèjì, ẹ̀pà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí wàhálà: igi gbígbẹ pọ̀ létí odò, òkúta mẹ́ta ti tó ààrò. Òjò wá dé. Igi rin gbingbin. Wọ́n fẹ́ iná títí ojú Zubair fi pọ́n bí ojú ẹlẹ́mu, omi tíì ò hó. Zubair ní bí òun bá tún mu tíì tútù lẹ́ẹ̀kan sí i, Àsàlátù lòun náà máa kúkú lọ. Wọ́n ń pín mọ́ínmọ́ín níbẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan sítóòfù bí ẹni ń yan ìyàwó.

"Ká ra èédú," Lásúnkànmí ní.

"Èédú tí òjò ti rí? Kó o tó fẹ́ ẹ tan, àwọn ẹja á ti lọ sùn."

"Gáàsì ilé ńkọ́?"

"Sílíńdà Nurat? Gbé e jáde kúrò ní kíṣìnnì. Ká wá wo èyí tó máa kọ́kọ́ bú gbàmù, sílíńdà ni àbí Nurat."

Wọ́n ti rí irú kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mowé. Sítóòfù pẹlẹbẹ tó ń wọ inú àpótí bíi ti lọ́yà, tó ń lo gáàsì inú agolo gígùn, bí agolo oògùn ẹ̀fọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí gáàsì bá tán, wọ́n ní jíju ni wọ́n ń ju agolo yẹn nù. Ìyẹn ni Lásúnkànmí ò lè gbé mì. Ẹni tó ń jí òkú bátìrì dìde, kó fowó ra nǹkan kó lè jù ú nù? Ó tì.

Ó kù kẹrosíìnì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti parí ẹ̀kọ́ ní Ìbógùn ń ta ẹrù rẹ̀ dànù: bẹ́ẹ̀dì, bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù olówùú kékeré kan tó rọ lẹ́sẹ̀ kan. Lásúnkànmí rà á. Ó pààrọ̀ òwú rẹ̀, ó fi wáyà di ẹsẹ̀ tó rọ. Kò sí ohun tó bàjẹ́ láyé rẹ̀ tí kò fi wáyà dì. Ó rọ kẹrosíìnì sínú ike mínírà, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan: sítóòfù, kẹrosíìnì, búrẹ́dì, agolo ekòló. Bí ọmọ ìyá.

Omi tíì hó. Zubair dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹja ò jẹ.

Wọ́n kọ́kọ́ dá àwọn tó ń fa yanrìn lókè odò lẹ́bi. Lẹ́yìn náà, òṣùpá. Lẹ́yìn náà, ẹnu Zubair, tí kì í dákẹ́. Zubair ní kí Ààfáà bá wọn fi àdúrà sí i.

"Ààfáà wo? Ẹni tó ń dúró dè mí pé kí n má rí ẹja mú mọ́?"

Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè ìkẹyìn yìí ni Zubair yà ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà. Lásúnkànmí ti di àpò odò sílẹ̀. Zubair kì í rí àpò kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ búrẹ́dì, ó bù ú jẹ. Ó dúró. Ó tu ú sílẹ̀.

"Lásún! Kẹrosíìnì lo fi pa búrẹ́dì yìí ni?"

"Kí ló ṣe é? Búrẹ́dì òní ni."

"Wò ó, èmi tí mo jẹ ẹ̀wà tó ti kan nílé ẹ lọ́jọ́sí, ṣé mo sọ̀rọ̀? Èyí, mo tu ú. Èmi Zubair! Kí lo wá fẹ́ kí ẹja ṣe?"

Lásúnkànmí ṣí agolo ekòló, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó fi ń rọ kẹrosíìnì sínú sítóòfù náà ló fi ń há ekòló sẹ́nu ìwọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ó rọra jókòó sórí táyà. Kì í ṣe ayé. Kì í ṣe yanrìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ burúkú fún àlejò, tó sì ń bínú pé wọn ò jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Mowé. Fadilah, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀, kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń lo sítóòfù inú àpótí yẹn hàn wọ́n: agolo wọlé sí ẹ̀gbẹ́, ó yí nǹkan kan, iná búlúù yọ. Kò rùn.

"Bí gáàsì ẹ̀ bá tán ńkọ́?" Lásúnkànmí tún bi í, bóyá òfin ti yí padà.

"Ẹ jù ú nù ni, Dádì."

"Bí mo bá wá dọ́gbọ́n rọ gáàsì ilé sí i?"

Fadilah wò ó dáadáa. "Dádì, ẹnì kan dọ́gbọ́n yẹn ládùúgbò wa. Irun ojú ẹ̀ ò tíì hù padà."

Zubair sanwó kíá, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má baà rí àyè dọ́gbọ́n. Nígbà tí wọ́n délé, Lásúnkànmí fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ó fi eérú fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ó wa ekòló tuntun, ó wá àpò tuntun. Ó fi sítóòfù kẹrosíìnì sẹ́yìn ilé.

Ní Sọ́ńdè, ìwọ̀ ò tíì balẹ̀ tán tí ike pupa tó léfòó lórí omi fi rì. Èpìyà. Ó tún jù ú, èpìyà mìíràn. Lẹ́yìn náà àrọ̀ kan, ó dúdú, ó nípọn bí apá alágbẹ̀dẹ. Lásúnkànmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Sọ́ńdè ti padà di tirẹ̀.

"Ká fi kékeré yìí dán iná wò," Zubair ní. Ó ti gbé ìkòkò wá láti ilé. Ata gígún. Àlùbọ́sà. Ó yí iná, ó tàn.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́. Lórí iná igi, ọbẹ̀ máa ń pẹ́ débi tí èèyàn á fi rántí ìyàwó rẹ̀. Sítóòfù yìí ò fún ẹnikẹ́ni láyè ìrònúpìwàdà. Kí wọ́n tó mọ̀, ọbẹ̀ ti hó. Wọ́n jẹ èkíní. Zubair ní ìwọ̀ ti ya èkejì lẹ́nu, kò ní wu Nurat. Wọ́n jẹ ẹ́. Ó kan àrọ̀.

"Má fọwọ́ kàn án," Lásúnkànmí ní. "Òun ni Sọ́ńdè mi."

"Ààbọ̀ péré."

"Zubair!"

"Ìrù rẹ̀ nìkan, Lásún. Ìrù ò sí nínú àdéhùn yín."

Òórùn ata ń ta sánsán sí wọn. Ẹja ṣì ń ta nínú omi, èèyàn ń gbọ́ ọ. Lásúnkànmí wo odò, ó ní òmíràn ṣáà máa jẹ. Ó gé ìrù. Lẹ́yìn ìrù, ó di ẹja tí kò nírù, kò sì bójú mu kí èèyàn gbé irú rẹ̀ fún ìyá ẹgbẹ́. Wọ́n gé ìyókù. Wọ́n ṣì ń pọ́n egungun lá nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Òjò ńlá. Wọ́n gbá àpò mọ́ra, wọ́n sáré.

Nurat jókòó sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé.

"Ìyá Ikram, mo mú ẹja o," Lásúnkànmí ní. "Wálàhí, mo mú un."

"Alihamudulilai. Ibo ló wà?"

Lásúnkànmí wo Zubair. Zubair gbójú sókè, ó sì gùfẹ̀.

Nurat rẹ́rìn-ín, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Pé kó wọlé ni mo wí, Bàbá Ikram. Mi ò sọ pé kó wọ ikùn."

Lásúnkànmí ń lọ sí Àsàlátù lọ́jọọjọ́ Sọ́ńdè báyìí. Mọ́ńdè ló ń pẹja, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè mọ́.